Kí Ló Wà Lọ́kàn Ẹni Tí Kò Rí, Tí Kò Gbọ́, Tí Kò Sì Tíì Ní Èdè? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Oríṣi ènìyàn méjì ló máa ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni ẹni tó kàn ń rò ó lọ́kàn pé: bí èrò tèmi bá ń wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀, kí ni ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rí, tí kò sì rí ẹnu tó ń sọ ọ́ rí, fi ń ronú? Èkejì ni òbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọmọ rẹ̀ kò ríran, kò sì gbọ́ràn, tí ẹ̀rù ń bà pé òkùnkùn lásán ló wà nínú orí ọmọ náà. Òbí yìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ẹni àkọ́kọ́ ń wá ni òun náà nílò.

Ṣé ènìyàn lè ronú láìní èdè rárá?

Ó lè ronú. Ẹ wo ara yín nígbà tí orúkọ ẹnìkan bá fò yín. Ẹ mọ ẹni náà, ẹ mọ bí ó ṣe ń rìn, ẹ mọ ibi tí ẹ ti pàdé. Bí ẹlòmíràn bá dá orúkọ kan tí kì í ṣe tirẹ̀, kíá lẹ ó ti sọ pé "rárá, kì í ṣe òun". Kí lẹ fi mọ̀ pé kì í ṣe òun, nígbà tí orúkọ kò sí lẹ́nu yín? Èrò ti wà nílẹ̀. Orúkọ nìkan ni kò tíì dé.

Àwọn ọmọ ọwọ́ náà jẹ́rìí sí i. Ní 1992, Karen Wynn, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé ní Amẹ́ríkà, fi ọmọláńgidi kan han àwọn ọmọ oṣù márùn-ún, ó fi nǹkan bò ó, ó sì tún fi òmíràn kún un lójú wọn. Bí wọ́n bá ṣí i tó jẹ́ ọmọláńgidi kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, àwọn ọmọ náà á tẹjú mọ́ ọn pẹ́ ju ìgbà tí méjì bá pé. Ọmọ tí kò lè sọ "méjì" ti mọ̀ pé kò pé.

Ẹ̀rí tó tẹ̀wọ̀n jù lójú mi wá láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà tí èdè ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Rosemary Varley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2005 nípa àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí apá ọpọlọ tó ń rí sí èdè ti bàjẹ́. Wọn kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín gbólóhùn tó sọ pé ènìyàn pa ẹranko àti èyí tó sọ pé ẹranko pa ènìyàn. Síbẹ̀ wọ́n ń ṣe ìṣirò, wọ́n sì mọ̀ pé kí a yọ nọ́ńbà ńlá kúrò nínú kékeré yàtọ̀ sí kí a yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yàwòrán ọpọlọ, bíi Evelina Fedorenko, ti fi hàn léraléra pé apá tí a fi ń gbọ́ èdè máa ń dákẹ́ nígbà tí ẹni tó ní ìlera pípé bá ń ṣe ìṣirò.

Ẹ tiẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà gan-an ní èdè wa: ronú. Inú ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹnu.

Èdè wo wá ni wọ́n fi ń ronú?

Kò sí èdè kankan níbẹ̀. Ohun tí ara kó jọ ni wọ́n fi ń ronú: ìfọwọ́kàn, òórùn, adùn àti ìkorò, ooru àti òtútù, bí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, bí ara ṣe ń yí nígbà tí wọ́n bá gbé e, ibi tí ẹsẹ̀ àti apá wà, ebi àti yíyó.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo òwúrọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta kan tí wọ́n bí láìríran láìgbọ́ràn. Ibùsùn gbọ̀n díẹ̀: ẹnìkan ń bọ̀. Òórùn kan ṣáájú ọwọ́ dé: ìyá ni, kì í ṣe bàbá. Wọ́n gbé e, wọ́n gbé e yà sí apá ọ̀tún, ooru ọ̀rinrin kan bà á lójú: omi ìwẹ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀, ó ti gbé apá sókè kí wọ́n lè bọ́ ọ. Apá tó gbé sókè yẹn, èrò ni. Ó rántí àná, ó fi mọ ohun tó kàn lónìí, ó sì múra sílẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá wá yà sí apá òsì lọ́jọ́ kan tí omi kò sì sí níbẹ̀, ara rẹ̀ á le, á dúró, á máa wá a. Ìyẹn náà èrò ni: nǹkan kan ti yẹ̀.

Ó máa ń ṣòro fún wa láti gbà pé òórùn lè gbé èrò. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ti gbà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. A kì í rí òórùn, gbígbọ́ la máa ń gbọ́ ọ, bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. A máa ń tọ́ nǹkan wò, a máa ń fọwọ́ bà á wò. Ahọ́n àti ọwọ́ pẹ̀lú ń "wò". Julia Brace, tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà ní 1807, tó pàdánù ojú àti etí rẹ̀ sí ibà nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin lé díẹ̀, máa ń fi imú ṣa aṣọ tí wọ́n fọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Hartford, tí á sì dá ti oníkálukú padà fún un. Ẹni tó ń ṣe irú ìyẹn ní àkọsílẹ̀ odidi ilé kan nínú orí rẹ̀, tí kò sí lẹ́tà kan nínú rẹ̀.

Ọpọlọ náà kì í sì í fi àyè sílẹ̀ lófo. Ní 1996 ni Norihiro Sadato àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nígbà tí ẹni tó fọ́jú láti kékeré bá ń fi ìka ka Braille, ìkọ̀wé alámì tó yọ sókè tí àwọn afọ́jú ń kà, apá ẹ̀yìn ọpọlọ tó yẹ kó jẹ́ ti ojú ló ń ṣiṣẹ́.

Kí ni Helen Keller sọ nípa ìgbà tí kò tíì ní èdè?

Òun, òǹkọ̀wé afọ́jú-adití ará Amẹ́ríkà, ni gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí, nítorí náà ó yẹ ká fara balẹ̀ lórí rẹ̀. Wọn kò bí i bẹ́ẹ̀. Ní June 1880 ni wọ́n bí i ní Tuscumbia, ní Alabama, ó ń ríran, ó ń gbọ́ràn. Ọmọ oṣù 19 ni nígbà tí àìsàn kan mú méjèèjì lọ. Nínú ìwé kan tó gbé jáde ní 1908, ó ní kí olùkọ́ òun tó dé, òun kò mọ̀ pé òun wà; ó ní inú ayé kan tí kì í ṣe ayé ni òun ń gbé, láìní ìfẹ́-inú, láìní èrò. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń parí ìjiyàn: ẹ ò rí i, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́!

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òun kan náà ròyìn pé òun ń ṣe nígbà yẹn. Bí ó bá fẹ́ búrẹ́dì, á fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń gé e, tó sì ń fi bọ́tà pa á. Bí ó bá fẹ́ ice cream, á ṣe bí ẹni tó ń yí ẹ̀rọ rẹ̀, á sì gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Àmì irú èyí tó ti dá sílẹ̀ kí olùkọ́ tó dé tó bí 60. Ó mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn kì í lo àmì bíi tòun, pé ẹnu ni wọ́n ń lò. Á dúró láàárín ẹni méjì, á fọwọ́ kan ètè wọn, á mi ètè tirẹ̀ náà, bí kò bá sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀, á bínú títí á fi máa ta ìpá. Lọ́jọ́ kan ó ti ìyá rẹ̀ mọ́ yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí. Ìyá ń lu ilẹ̀kùn, ọmọ jókòó síta lórí àtẹ̀gùn, ó ń rẹ́rìn-ín nítorí pé ara rẹ̀ ń gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ń mì. Nígbà tí olùkọ́ dé, ó ti òun náà mọ́lé, ó fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́, ó sì kọ̀ láti sọ ibi tó wà.

Ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ mọ̀ pé òun mọ ohun tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Ta ló máa pe ìyẹn ní àìní èrò?

Bí mo ṣe rí i nìyí: Keller kò purọ́, ṣùgbọ́n èdè ló fi wo ẹ̀yìn, ẹni ọdún 28 ló sì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó pé ọdún méje. Ohun tí a kò fi ọ̀rọ̀ tò sílẹ̀ ṣòro láti rántí bí ìtàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, kí lẹ rántí nípa ọdún kejì yín láyé? Bí ẹ kò bá rántí nǹkan kan, ṣé ẹ kò ronú lọ́dún náà ni?

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Helen gan-an nídìí ẹ̀rọ omi?

Ọjọ́ 3 oṣù March 1887 ni Anne Sullivan, olùkọ́ rẹ̀, dé ilé wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kọ lẹ́tà sí ọmọ náà ní àtẹ́lẹwọ́, Helen sì ń ṣe é padà bó ṣe gbà á, bí eré lásán, láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni. Ife àti omi inú rẹ̀ rú u lójú. Láàárọ̀ ọjọ́ 5 oṣù April, inú bí i, ó mú ọmọláńgidi tuntun rẹ̀, ó là á mọ́lẹ̀, ó fọ́. Ó ní òun kò kẹ́dùn, òun kò kábàámọ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sídìí omi. Omi ń ṣàn sórí ọwọ́ kan, Sullivan ń kọ orúkọ omi sí ọwọ́ kejì, ó sì yé e lójijì pé ohun tó tutù tó ń ṣàn yìí ní orúkọ, pé gbogbo nǹkan ló ní i. Ibi tí àwọn ènìyàn máa ń dá ìtàn náà dúró sí nìyẹn. Èmi máa ń bá a wọlé padà. Nígbà tó wọlé, ó rántí ọmọláńgidi tó fọ́, ó wá àfọ́kù rẹ̀ lọ, ó gbìyànjú láti tò ó pọ̀, kò ṣeé ṣe, ó sì bú sẹ́kún. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun kábàámọ̀.

Ìrònú ti wà kí orúkọ tó dé. Ohun tí orúkọ fún un ni pé ohun tó ti lọ, tí kò sí lọ́wọ́ mọ́, ṣì lè wà lọ́kàn, kí ó sì dùn ún.

Ẹni tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ gan-an ńkọ́, tí kò rí ìmọ́lẹ̀ tí kò sì gbọ́ ohùn láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀?

Marie Heurtin nìyẹn. Ní 1885 ni wọ́n bí i ní Vertou, nítòsí Nantes ní ilẹ̀ Faransé. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni, kò ní èdè kankan, nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ilé àwọn sísítà ní Larnay, nítòsí Poitiers, ní 1895. Ọmọ tó ń pariwo, tó ń yí nílẹ̀, tó ń bínú sí ọwọ́ tó bá kàn án ni wọ́n gbà wọlé.

Ó ní ọ̀bẹ kékeré kan tó mú wá láti ilé, tó fẹ́ràn gan-an. Sísítà Sainte-Marguerite ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó gba ọ̀bẹ náà, ọmọ bínú. Ó dá a padà fún un, ó mú ọwọ́ ọmọ náà, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ kan gé orí èkejì, èyí tí í ṣe àmì ọ̀bẹ ní èdè ọwọ́ àwọn adití. Ó tún gbà á. Ó tún dá a padà pẹ̀lú àmì yẹn. Títí ọmọ náà fúnra rẹ̀ fi ṣe àmì náà, tí ọ̀bẹ rẹ̀ sì padà sí i lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tó ní láti wà nínú ọmọ yẹn ṣáájú kí ọgbọ́n yìí tó lè ṣiṣẹ́. Ó ní láti mọ ọ̀bẹ náà yàtọ̀ sí gbogbo nǹkan mìíràn. Ó ní láti mọ̀ pé ó ṣì wà níbìkan nígbà tí kò sí lọ́wọ́ òun. Ó ní láti fẹ́ ẹ. Ó ní láti mọ̀ pé ẹlòmíràn ló gbà á, kì í ṣe pé ó ṣèèṣì sọnù. Sísítà náà kò fi èrò sínú ọmọ. Ó bá èrò níbẹ̀ ni, ó sì fún un ní ọwọ́ tí yóò dì mú. Marie kọ́ èdè ọwọ́, ó kọ́ Braille, ó sì gbé ní Larnay títí tó fi kú ní 1921.

Ṣé wọ́n mọ̀ pé àwọn wà?

Ìbéèrè yìí ló le jù níbí. Ìdáhùn tí mo gbà gbọ́ jù wá láti ọ̀dọ̀ Alexander Meshcheryakov, tó ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú-adití ní Zagorsk, nítòsí Moscow, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963. Ó rí àwọn ọmọ tó jókòó bí igi, tí kì í na ọwọ́ sí nǹkan kan. Kì í ṣe àìgbọ́n ló dá wọn jókòó. Wọ́n ti ṣe gbogbo nǹkan fún wọn: wọ́n fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, wọ́n wọṣọ fún wọn, wọ́n gbé wọn síbẹ̀. Ẹni tí kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè yí padà, kí ló fẹ́ fi mọ̀ pé òun wà?

Síbí ni Meshcheryakov fi bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ á jókòó sẹ́yìn ọmọ, ọwọ́ olùkọ́ á di ọwọ́ ọmọ mú, ọwọ́ ọmọ á di síbí mú, wọ́n á jọ gbé e lọ sẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ ọmọ á fa síbí náà fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀nba ìka kan. Ní ìṣẹ́jú yẹn ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ dẹ ọwọ́ tirẹ̀. Bí ó bá tètè dẹ̀ ẹ́, síbí á já bọ́; bí ó bá pẹ́, ọmọ á tún padà dákẹ́.

Mẹ́rin nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ wọ Yunifásítì Ìjọba ti Moscow ní 1971, wọ́n sì jáde ní 1977. Kì í ṣe pé wọ́n bí gbogbo wọn láìríran láìgbọ́ràn. Ó yẹ ká sọ ìyẹn, nítorí pé àwọn kan máa ń ròyìn wọn bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ṣé wọ́n máa ń lá àlá?

Wọ́n máa ń lá a. Keller kọ̀wé pé àlá òun kí olùkọ́ tó dé jẹ́ ti ara lásán: nǹkan wúwo kan á já lulẹ̀ lójijì, ẹ̀rù á bà á. Laura Bridgman, tí àìsàn sọ di afọ́jú-adití lọ́mọ ọdún méjì, tí Samuel Gridley Howe sì kọ́ ní èdè ní Boston láti 1837, máa ń fi ìka sọ̀rọ̀ lójú oorun. Bí ó bá dá jókòó tó ń ronú lójú mọ́mọ́ náà, ìka rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́.

Bí èrò bá ti wà tẹ́lẹ̀, kí wá ni èdè fi kún un?

Ohun púpọ̀, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ibi tí a ti rí i kedere jù ni ọ̀dọ̀ àwọn adití tó ń ríran ṣùgbọ́n tí wọn kò rí èdè kọ́. Ojú wọn ń ṣiṣẹ́, nítorí náà a kò lè sọ pé ipò wọn dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tí ojú rẹ̀ náà ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn ló sún mọ́ ọn jù.

Ní Nicaragua, àwọn àgbàlagbà adití kan wà tí wọ́n dá àmì tiwọn sílẹ̀ nínú ilé, tí wọn kò bá adití mìíràn gbé rí. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń náwó. Elizabet Spaepen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2011 pé bí nǹkan bá ju mẹ́ta lọ, iye tí ìka wọn máa ń fi hàn kàn ń sún mọ́ ọn ni, kì í fìgbà gbogbo bá a mu. "Méje" gan-an, tí kì í ṣe mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ó dà bíi pé ó nílò orúkọ.

Ohun kejì ni mímọ ohun tó wà nínú ẹlòmíràn. Ní orílẹ̀-èdè yìí kan náà, nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ adití jọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Managua láti òpin àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ náà dá èdè ọwọ́ tuntun sílẹ̀ láàárín ara wọn. Àwọn tó kọ́kọ́ dé kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún "rò pé" àti "mọ̀ pé". Jennie Pyers àti Ann Senghas sọ ní 2009 pé àwọn wọ̀nyí, tí wọ́n ti dàgbà, máa ń kùnà bí wọ́n bá bi wọ́n pé níbo ni ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé nǹkan kúrò yóò ti lọ wá a. Nígbà tí wọ́n bá àwọn ọ̀dọ́ tí èdè wọn ti kún kẹ́gbẹ́, tí wọ́n sì kọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Ṣé èyí kò tako ti kọ́kọ́rọ́ tí Helen fi pamọ́? Ó jọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn mọ ọ̀nà láti fi nǹkan pamọ́ fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀, kó má sì tíì lè tò ó lọ́kàn pé ẹnìkan tí kò sí níbí gba nǹkan kan gbọ́, irọ́ sì ni. Èyí àkọ́kọ́ wà lára ọwọ́. Èkejì nílò okùn gígùn, ọ̀rọ̀ ló sì ń yí okùn náà.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ọkùnrin kan láti Mexico tí wọ́n bí ní adití, tó ti pé ọdún 27 kó tó pàdé Susan Schaller, ògbufọ̀ èdè ọwọ́, ní Los Angeles. Kò mọ̀ pé nǹkan ní orúkọ. Lọ́jọ́ tó yé e, ó wo yíká yàrá, ó ń tọ́ka sí tábìlì, sí ilẹ̀kùn, ó ń béèrè àmì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ó gbé orí lé tábìlì, ó sunkún. Ṣùgbọ́n Schaller tún pàdé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àwọn náà kò ní èdè, ó sì rí i tí wọ́n jókòó yíká tí wọ́n ń fi gbogbo ara sọ ìtàn fún ara wọn.

Ṣé kì í ṣe pé ọpọlọ wọn kò pé?

Rárá. Àwọn kan ní ìṣòro ọpọlọ pẹ̀lú, bí àwọn kan tó ríran tó sì gbọ́ràn ṣe ní in, ṣùgbọ́n àìríran àti àìgbọ́ràn kì í ṣe àìlóye. Ẹni tí ẹ fi ìdánwò ojú àti etí wọn òye rẹ̀, tí kò ní ojú tí kò ní etí, kò tíì ṣe ìdánwò kankan. A kò lè ka iye ọmọ tí àṣìṣe yìí ti fi sí ilé tí wọn kò ti kọ́ wọn ní nǹkan kan.

Kí ló máa ń fà á kí wọ́n bí ọmọ bẹ́ẹ̀?

Àrùn rubella, bí ó bá mú aláboyún ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún, ni èyí tí ayé mọ̀ jù. Ìgbà tó jà ní Amẹ́ríkà ní 1964 sí 1965, nǹkan bí 20,000 ọmọ ni wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù rẹ̀, etí àti ojú sì wà lára ohun tó bàjẹ́ jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti dín in kù gidigidi níbi tí wọ́n ti ń gbà á. Àrùn CHARGE, tí ìyípadà nínú ohun àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní CHD7 sábà máa ń fà, náà wà níbẹ̀, àti kí wọ́n bí ọmọ láìpé oṣù. Àrùn Usher yàtọ̀ díẹ̀: wọ́n sábà máa ń bí ọmọ pẹ̀lú etí tó dí, ojú á sì máa lọ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń dàgbà.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní afọ́jú-adití ṣì ní ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tàbí ohùn díẹ̀. Díẹ̀ yẹn níye lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Báwo ni èdè ṣe ń gba ọwọ́ wọlé?

Ó pọ̀ lọ́nà. Fífi ìka kọ lẹ́tà sí àtẹ́lẹwọ́ ni ti Keller àti Bridgman. Hieronymus Lorm, òǹkọ̀wé ará Austria tí òun náà pàdánù etí àti ojú, ṣètò tirẹ̀ ní 1881: lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ibi tí wọ́n á ti fọwọ́ kàn tàbí fọwọ́ fà lórí àtẹ́lẹwọ́. Tadoma ni kí afọ́jú-adití gbé àtàǹpàkò lé ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ìka tó kù wà ní àgbọ̀n àti ọ̀fun rẹ̀. Àwọn kan ń gbọ́ odidi gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ó sì le púpọ̀ láti kọ́. Èdè ọwọ́ àwọn adití náà ṣeé gbà nípa gbígbé ọwọ́ lé ọwọ́ ẹni tó ń sọ ọ́.

Èyí tí inú mi dùn sí jù ni Protactile, tí àwọn afọ́jú-adití fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ ní Seattle ní nǹkan bí 2007. Wọn kò dúró de ẹni tó ríran kó wá túmọ̀ ayé fún wọn. Ara ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ di ojú ìwé: apá, itan, ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹnìkan ṣe ń sọ̀rọ̀, èkejì ń fọwọ́ tẹ itan rẹ̀ láti fi hàn pé òun ń gbọ́, pé òun ń rẹ́rìn-ín. Fún ẹni tí kì í rí ojú ẹlòmíràn, àìmọ̀ bóyá ẹnìkan ṣì wà níwájú rẹ̀ ni ìdánìkanwà tó burú jù.

Ọmọ mi ni. Kí ni kí n ṣe lónìí, kí n tó rí olùkọ́?

Ẹ má ṣe gbé e lójijì. Ẹ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ẹ dúró, kí ó mọ̀ pé ènìyàn dé. Kí olúkúlùkù nínú ilé ní àmì tirẹ̀ tí kì í yí padà: ẹ̀gbà kan, irùngbọ̀n kan, bí ó ṣe ń fọwọ́ kàn án.

Ṣáájú ohunkóhun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ fún un ní ohun kan tó jọ mọ́ ọn: kànìnkànìn ìwẹ̀ kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́, síbí kí ó tó jẹun, bàtà kí ẹ tó jáde. Lójoojúmọ́, nǹkan kan náà, ibì kan náà. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń gorí ọ̀sẹ̀, kànìnkànìn á di ìròyìn.

Ẹ fi ọwọ́ yín sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ má fi lé e lórí. Ọwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀, etí rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀. Ẹni tó gbá a mú tó sì fà á lọ ti bò ó lójú, ó ti dí i létí, ó sì ti pa á lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ronú, nígbà tí kò lè sọ fún mi?

Jan van Dijk, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ tí rubella sọ di afọ́jú-adití ní Netherlands, ní ọ̀nà kan tí òbí kankan lè gbìyànjú. Ẹ jókòó sílẹ̀, kí ọmọ jókòó síwájú yín, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àyà yín. Ẹ jọ máa mì síwá sẹ́yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹ ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Nígbà tó bá ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ dúró láàárín. Ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹ lè dúró pẹ́, ó lè jẹ́ pé kò ní sí nǹkan lónìí, tàbí lọ́la.

Lọ́jọ́ kan, bí ẹ bá dúró, ẹ ó rí i tí ara kékeré yẹn yóò sún síwájú díẹ̀, tí yóò sì dúró, tí yóò máa retí. Ó ń sọ fún yín pé kí ẹ tún ṣe é. Ẹ dá a lóhùn kíá.